Ẹ Kọ́kọ́ Sàmì sí Ibi Tí Pátákó Ò Gbọdọ̀ Dé

Ẹ̀gbọ́n wa ní apá Àgbádárìgì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ní òpópónà márosẹ̀ tuntun ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú yín kọjá, pé àwọn tó fẹ́ ri pátákó ìpolówó mọ́lẹ̀ ti ń wá bá baálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé CDA yín, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fẹ́ ṣe òfin kó tó di wàhálà. Ẹ wá béèrè pé èló ló yẹ kí ẹ máa gbà lórí pátákó kan. Èsì tèmi ni pé kí ẹ má gba kọ́bọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀, nítorí ohun tí ojú wa rí ní Ẹ̀pẹ́ níbí, mi ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Àìmọye pátákó ni mo ti jó ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, mo sì wà nínú CDA àdúgbò wa. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọ̀nà ṣe láti Eleko dé T-Junction Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n fi kọnkéré ṣe é, inú gbogbo wa ló dùn. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀nà náà dé kì í ṣe báńkì, kì í ṣe ọlọ́ṣẹ tàbí ẹlẹ́lẹ́rìndòdò. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá á mọ̀: pátákó estate lọ́tùn-ún, pátákó estate lósì, wọ́n ya ilé alájà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀ fún sára rẹ̀, wọ́n kọ "C of O" tàbí "Excision" gàdàgbà sí i, ìyẹn pé ìjọba ti fún ilẹ̀ náà níwèé ẹ̀rí tàbí pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ri tirẹ̀, ẹni tó dé tẹ̀ lé e á ri tiẹ̀ síwájú ti ẹni àkọ́kọ́ kí mọ́tò lè kọ́kọ́ rí tòun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tò bẹẹrẹ sí ẹnu ọ̀nà tó wọ àdúgbò wa.

Àwọn alákòóso CDA ìgbà náà ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Mi ò sọ pé wọ́n jalè o. Owó transformer ni wọ́n ń wá, gbangba ni wọ́n sì ti gbà á, gbogbo ẹni tó san ni wọ́n já rìsíìtì fún. Rìsíìtì yẹn ló wá di ẹ̀wọ̀n sí wa lọ́rùn. Pátákó kan wà ní igun títì wa tó fẹ̀ gan-an, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ débi pé awakọ̀ tó ń jáde láti inú àdúgbò kò lè rí ohun tó ń bọ̀ lórí márosẹ̀ àfi tó bá ti ti imú mọ́tò rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mọ́tò kan ti gbá ọlọ́kadà tó gbé ìyá ẹlẹ́ja kan bọ̀ láti ọjà. Orí kó àwọn méjèèjì yọ, àmọ́ ẹsẹ̀ ìyá náà kan kò padà sípò dáadáa títí di òní. A pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó. Ẹni tó gbé e rò pé a fẹ́ ra ilẹ̀ ni, ara rẹ̀ yá gágá. Nígbà tí a ní kó wá gbé pátákó rẹ̀ kúrò ní igun yẹn, ó ní ṣebí àwa la fún òun láyè, owó òun sì wà lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà lọ́yà ló fi tẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹ̀dà rìsíìtì wa sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnu tó ti jẹ dọ̀dọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ sọ òdodo? Bí CDA bá ti ń gba owó pátákó, ẹni tó san á máa rò pé àyè lòun rà, àwọn alákòóso náà á sì máa ronú owó tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá wá gbé tirẹ̀ dé igun tó léwu, ta ni yóò dìde sọ pé ibí yìí kọ́? Bí ẹ kò bá gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lè kọ̀ fún ọlọ́rọ̀ àti tálákà bákan náà.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó náà kì í ṣe ti yín. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi àbójútó pátákó ìpolówó ìta gbangba sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 dá LASAA, àjọ tó ń bójú tó pátákó ìpolówó, sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni èèyàn sì ti ń gba ìwé àṣẹ báyìí. Bí ọ̀nà bá tún jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ òde ló ni etí ọ̀nà. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà wọn, mítà 45.72 ni wọ́n ń wọ̀n láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 150. Àwọn ọ̀nà ńlá tuntun míì gba àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ọ̀nà yín. Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ti ìpínlẹ̀ ni. Sókótó sí Àgbádárìgì àti ọ̀nà etíkun tó ń lọ sí Calabar, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí ẹ bá gba owó lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, tí àwọn tó ni ín bá wá fi katakata kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ yín ni oníbàárà máa sáré wá.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ yín náà. Ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí wa, àwọn ọmọ fi ayùn irin gé ẹsẹ̀ pátákó tó ń dí wọn lójú lóru. Ohun tí wọ́n sọ nípa pátákó yẹn ò parọ́, àmọ́ àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n sùn lọ́jọ́ kejì, owó tí àwọn òbí wọn ná láti gbà wọ́n jáde kò kéré.

Lẹ́tà tó ní fọ́tò nínú ló ṣiṣẹ́ fún àwa. Kì í ṣe fọ́tò pátákó nìkan o, torí ìyẹn ò fi nǹkan kan han ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹnì kan jókòó sórí ìjókòó awakọ̀ níbi tí mọ́tò ti máa dúró kó tó bọ́ sórí márosẹ̀, ó sì ya ohun tí ojú rẹ̀ rí: lápá kan, ọ̀nà gbalasa, lápá kejì, ẹ̀yìn pátákó. Baálẹ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ sí i, alága àwọn onímọ́tò náà fọwọ́ sí i. A fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí LASAA, a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá wa lóhùn, a sì ní láti padà lọ béèrè léraléra, ṣùgbọ́n wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ ọn níkẹyìn, pátákó igun yẹn sì kúrò.

Ẹ̀yin ṣì ní àǹfààní tí àwa ò ní, pé àwọn pátákó ò tíì pọ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá dé. Ẹ ṣe irú ohun tí à ń ṣe báyìí sí gbogbo ẹnu ọ̀nà tuntun: ẹnì kan á jókòó sínú mọ́tò níbi tí mo sọ yẹn, ẹlòmíì á mú ọ̀pá gígùn kan tí a so aṣọ pupa mọ́, á máa fi rìn létí ọ̀nà. Gbogbo ibi tí ọ̀pá bá ti wọ àárín ojú awakọ̀ àti mọ́tò tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni pátákó ò gbọdọ̀ dé. Ẹ má fojú kéré bí ó ṣe yẹ kó jìnnà tó o. Òpin eré tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fi lélẹ̀ fún mọ́tò aládàáni lórí márosẹ̀ ni kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Mọ́tò tó bá ń sá bẹ́ẹ̀ ń lọ bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ yín bá nílò ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti bọ́ sójú ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ rí mọ́tò náà láti nǹkan bíi mítà 140. Àwọn tó ń sá ju ìyẹn lọ ló sì pọ̀.

Ẹ tún fi iwájú ilé-ìwé kún un, ibùdókọ̀, abẹ́ wáyà iná, orí gọ́tà, àti gbogbo ibi tó lè bo àmì ojú ọ̀nà tí ìjọba fi sílẹ̀.

Àwọn oníṣòwò á jà yín níyàn pé ẹ̀ ń pa ọjà àwọn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ọjà nígbà náà. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ ara pátákó tí ẹni tó wà nínú mọ́tò máa kà dáadáa láti mítà 100 yẹ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Pátákó tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù mẹ́rin, àdírẹ́sì àti iye owó ilẹ̀ sí, tí wọ́n wá rọ́ mọ́ àárín ogún pátákó míì, ẹnikẹ́ni ò kà á. Mo ti sọ èyí fún oníbàárà tèmi, ó sì gbà láti fi pátákó ńlá kan ṣoṣo dípò kéékèèké tó fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Owó tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ dín kù, àmọ́ mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ yékéyéké, torí ibẹ̀ ni ikú wà. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá dé, flex, ìyẹn rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ ìpolówó sí, tí wọ́n nà mọ́ férémù máa ń gba atẹ́gùn sínú bí ìgbòkun ọkọ̀ àwọn apẹja wa, gbogbo agbára yẹn sì ń lọ sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo bá ní ìdúró, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ihò tí kò jìn ju orúnkún lọ ni wọ́n rì í sí, kọnkéré tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ yanrìn ju sìmẹ́ǹtì lọ. Ibi tí irin ti wọnú kọnkéré ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ ló ti ń dógùn-ún. Lókè, ọ̀dà ṣì ń dán. Ẹ mú screwdriver, ẹ fi ha irin níbi tó kan ilẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá ń ṣí bíi páálí, pátákó yẹn ò ní rí òpin òjò. Mo ti rí èyí tó wó lu wáyà iná, tí gbogbo àdúgbò wà lókùnkùn, a sì dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Páìpù tó nípọn ni kí wọ́n lò, kí ìdí rẹ̀ ní páànù irin tó nípọn tí wọ́n fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè mọ́ kọnkéré tó yọ sókè ju ilẹ̀ lọ, kí omi má baà gbára jọ. Èyí tó bá ga ju ilé ilẹ̀ lọ, kó ní àwòrán tí ẹnjiníà fọwọ́ sí.

Kí orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ni pátákó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé yín pé òun ló máa tú u tí àdéhùn bá tán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fo èyí. Férémù òfìfo tí kò ní olówó mọ́ pọ̀ lọ́nà wa ju èyí tó ń polówó ọjà lọ, kò sì sí ẹni tá a lè pè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo èyí lu ìyá oníráìsì. Pátákó kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń yá fún ẹlòmíì láti fi polówó, LASAA gan-an pín in sí ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀. Télọ̀ àti fọganáísà kò ní nǹkan míì tí wọ́n fi ń pe oníbàárà. Ní Vermont, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fòfin de pátákó ìpolówó ńlá láti 1968. Àmọ́ wọn ò pa àwọn onílé oúnjẹ àti onílé àlejò wọn tì: ìjọba ń ri àmì kékeré tó bára mu fún wọn létí ọ̀nà, tó ń tọ́ka ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀yin náà lè bá ìjọba ìbílẹ̀ yín sọ ọ́, kí pátákó atọ́ka kan ṣoṣo wà ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ gbogbo oníṣòwò inú àdúgbò tò sí i.

Amẹ́ríkà yìí kan náà ló jẹ́ kí n máa pariwo pé kí ẹ tètè ṣe é. Ní 1965, wọ́n ṣe òfin tó ń ṣàkóso pátákó tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 660 sí etí àwọn ọ̀nà ńlá wọn. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí pátákó rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ lọ́nà òfin kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Owó yẹn wọ́n ìjọba lọ́rùn, ọ̀pọ̀ pátákó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀ kò bá lè tú ohun tó ti rì mọ́lẹ̀, kí ni CDA fẹ́ fi tú u?

Àwọn tó ń gbé pátákó oníná tó ń yí àwòrán náà ń bọ̀. Níwọ̀n bí òpópónà yín kò bá tíì ní iná, ẹ kọ̀wé sí LASAA pé ẹ ò fẹ́ ẹ nítòsí ẹnu ọ̀nà kankan. Ẹni tó bá ti wo irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn kì í rí ẹni tó ń sọdá lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kọ́ńtírákítọ̀ ṣì wà lórí iṣẹ́ yín báyìí, wọ́n sì ní máàpù tó fi ibi tí ilẹ̀ ìjọba dé hàn. Kí alága yín àti baálẹ̀ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n ní kí wọ́n fi òpin ilẹ̀ náà hàn yín lórí ilẹ̀ gan-an, kí ẹ tó mú ọ̀pá àti ọ̀dà. Tí ẹ bá ya fọ́tò láti orí ìjókòó awakọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá sọ ibi tí mo rí pé ẹ fo fún yín. Ẹ̀dà lẹ́tà tí àwa kọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ lè wò ó kọ tiyín.