Ṣé ààwẹ̀ tí mo ń gbà kí n lè jò ní láádá?

Ìbéèrè: Àsàláámù aláékùmù, Àáfà wa. Dókítà sọ pé mo ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ó ní kí n dín òkèlè kù, kí n sì jò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì. Ọ̀rẹ́ mi ní ebi lásán ni mò ń fi pa ara mi, pé kò sí láádá níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Mo ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìdáhùn: Wà aláékùmù sàláámù, Àlàájà wa. Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà.

Àníyàn ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Hádíìsì yìí, tí Umar gbà wá látọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ni Bukhari fi ṣí ìwé rẹ̀. Tó bá jẹ́ tìtorí àtijò nìkan lẹ ò ṣe jẹun, ọ̀rẹ́ yín kò parọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tìtorí Ọlọ́hun lẹ gbà á, tí ẹ sì ń retí pé ara yín á fúyẹ́ lórí ẹ̀, ààwẹ̀ yín pé. Nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 198, Ọlọ́hun ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn alálàájì tí wọ́n bá wá oore Olúwa wọn, àwọn onímọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ sí òwò. Ẹni tó tajà ní Hájì, Hájì rẹ̀ kò bàjẹ́.

Oògùn tí ẹ dárúkọ gbẹ̀yìn ló ń kọ mí lóminú jù. Metformin nìkan kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Glibenclamide àti insulin ńkọ́? Wọ́n lè fà á wálẹ̀ débi tí èèyàn á dákú tí inú bá ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ má gba ààwẹ̀ míì títí ẹ ó fi rí dókítà, kó sọ àsìkò àti ìwọ̀n tí ẹ ó máa lò ó. Nàfílà ni èyí. Ramadan tó jẹ́ dandan pàápàá, Ọlọ́hun yọ̀ǹda aláìsàn nínú rẹ̀, Ó ní ìrọ̀rùn ni Òun ń fẹ́ fún wa.

Gígún ìka láti yẹ ṣúgà wò kò ba ààwẹ̀ jẹ́; àwọn onímọ̀ fiqh (òfin ẹ̀sìn) tó pàdé ní Jeddah lọ́dún 1997 gbà bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà fún àyẹ̀wò. Tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ó wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, tàbí ó ga ju 300 mg/dL lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣẹ́ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgàríbì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín.

Ọ̀rọ̀ kù lórí ìṣínu o. Súnnà ni dàbínù tàbí omi. Àwa la fi sobo oníṣúgà kún un, àkàrà rẹpẹtẹ, lẹ́yìn náà ẹ̀bà ràbàtà kí wọ́n tó kírun Ìṣáì. Dàbínù kan tó yín. Ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ lórí àwo ju òkèlè lọ, kí ẹ̀bà má ju ẹ̀ṣẹ́ yín lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn ni Ànábì wa ní kí oúnjẹ gbà. Ẹ má sì fo sáárì.

Jíjò yẹn wúlò gan-an. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Britain, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti jò tí ṣúgà wọn padà sípò láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti fi oògùn sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa lo tiyín lọ títí dókítà yín á fi ní kó tó.