Orúnkún ni kẹ́ ẹ tọ́jú kẹ́ ẹ tó lọ sí Cornwall

Màmá wa ní Sùúrùlérè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní Bristol fẹ́ mú yín rìn yípo etíkun Boscastle ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi kìlómítà mẹ́wàá, tí ibi tẹ́ ẹ bá ti gbéra náà lẹ máa padà sí. Wọ́n kọ "moderate" (kò rọrùn jù, kò le jù) sí i lára, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún lè gbé e, àti ibi téèyàn ti máa ń fi òkè dánra wò ní Èkó tí kò lókè. Ẹsẹ̀ yín á gbé e. Mo ti lé lọ́gọ́ta kí n tó rìn ín, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Plymouth.

"Moderate" yẹn ló máa ń tan àwa ará Èkó jẹ. Kìlómítà mẹ́wàá lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ò le fẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà Tejúoṣó. Àmọ́ etíkun ọ̀hún ò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ibi tí odò kékeré bá ti ya wọ òkun ló ti gé bèbè òkúta náà wọlẹ̀. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ máa gun òdìkejì, kò pẹ́ ẹ tún ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀nà South West Coast Path nibẹ̀ wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Minehead tó parí sí Poole, bíi 1,014 kìlómítà. Ibi tó ga jù lórí rẹ̀ kò pé 320 mítà, síbẹ̀ bí ẹ bá ro gbogbo gígùn-sísọ̀ yẹn pọ̀, gígùn nìkan tó bíi 35,000 mítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Everest mẹ́rin.

Gígùn kọ́ ló máa dà yín láàmú. Béèyàn bá ń gun òkè, èémí ló ń dí, tẹ́ ẹ bá dúró díẹ̀ ó ti padà. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa ẹni. Iṣan itan ló ń fà yín sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀ kẹ́ ẹ má baà já lọ, tó bá ti rẹ̀ ẹ́, orúnkún ló máa gba ìyókù. Ọjọ́ kejì, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè ilé àbúrò mi bí kò ṣe pé mo kọ ẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn.

Nítorí náà, afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìkòròdú Road ni òkè yín. Láti Fádéyì lọ sí Onípánù dé Palmgrove, ẹ máa gùn ún lápá kan kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ má di irin mú àfi tí òòyì bá fẹ́ kọ́ yín. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kí èrò tó pọ̀, ẹ má dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Oṣù méjì tó. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ lọ gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta (ẹ má wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè o!), tàbí Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600.

Bàtà. Òkìrìkà dáa, mo rà níbẹ̀ rí ní Yábà. Àmọ́ rọ́bà inú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà òkè máa ń gbó fúnra rẹ̀ nínú páálí, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ rí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ ká bàtà náà. Tó bá ń rú bí búrẹ́dì gbígbẹ, ẹ gbé e sílẹ̀, kò sí àtúnṣe kankan tó lè ràn án. Kó fẹ̀ díẹ̀ níwájú pẹ̀lú, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń sọ èékánná ẹsẹ̀ di dúdú. Ẹ má wọ jíìnsì. Tí òjò bá fi lè rin ín, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá padà délé kó tó gbẹ.

Tí wọ́n bá bi yín léèrè apá tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́kọ́ rìn, ẹ ní etí òkun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba àfonífojì Valency lọ, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ gba etí òkun lọ sí Pentargon, níbi tí omi ti ń já láti orí òkúta sínú òkun, nígbà tí orúnkún ṣì tutù. Lẹ́yìn náà ẹ yà sínú ilẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Juliot, kí igbó àfonífojì wá gbà yín padà sílé jẹ́jẹ́. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn kì í dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ má gbà á: ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, odò Valency tó ń gba inú àfonífojì yẹn kọjá kún, ó gbá mọ́tò lọ sínú òkun, hẹlikọ́pítà ló ń gbé èèyàn kúrò lórí òrùlé. Ẹnikẹ́ni ò kú, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.

Lórí bèbè, ẹ jìnnà sí etí rẹ̀. Koríko lè wà lókè kí ilẹ̀ má sí lábẹ́ rẹ̀. Àmì èso kékeré tó dé fìlà (acorn) lẹ máa tẹ̀ lé létí òkun, ọfà aláwọ̀ ìyeyè lẹ máa tẹ̀ lé nínú oko. Ẹ ti gbogbo géètì padà. Màlúù máa wà láìsí darandaran. Tí ọmọ bá wà lẹ́yìn wọn, ẹ gba ọ̀nà jíjìn yí wọn ká. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ nínú àfonífojì, kí ọmọ yín ti gbé máàpù sórí fóònù láti ilé. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ létí òkun, 999 ni, ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń gbani là létí òkun, lẹ ń wá.

Oṣù wo gan-an lẹ ń lọ? Ní oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá. Tó bá jẹ́ ìgbà Kérésì, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbéra ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.