Ọ̀gá yín kò sọ ọ́, àmọ́ ó ti wà níbẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbẹ̀dẹ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Inú omi ni ọ̀pọ̀ wa ń ti àdá gbígbóná bọ̀, ó sì máa ń sán mọ́ wa lọ́wọ́. Àdín ni ọ̀gá mi tó ti dolóògbé ń lò, kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa rí. Èmi ni mo ṣàkíyèsí pé èyí tí a bá ti bọ àdín kì í sábà sán. Ṣé mo lè gba páténtì lé e lórí, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ọgbọ́n ẹni láìgbàṣẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làákàyè, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ti fẹ́ ẹwìrì fún bàbá mi. Mo mọ bó ṣe ń rí lára tí àdá bá sán lẹ́yìn iṣẹ́ odidi àárọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Gbangba ni ọ̀gá yín ti ṣe é, lójú gbogbo ẹni tó bá yà sí àgbẹ̀dẹ. Àìsán yẹn ti wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ì báà má mọ̀.

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí mo máa ń rántí. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Covington àti Palmer, po irin kan tó ń jẹ́ titanium mọ́ irin méjì mìíràn, nickel àti molybdenum, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rí i pé omi iyọ̀ gbígbóná kì í jẹ irin náà bọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ Titanium Metals, tó ni iṣẹ́ wọn, béèrè páténtì lórí irin ọ̀hún fúnra rẹ̀: nickel láti ìdá 0.6 sí 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún, molybdenum láti 0.2 sí 0.4. Àfi bí ọ́fíìsì páténtì ṣe kọ̀, tó fa àpilẹ̀kọ kan yọ tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ ní 1970. Nínú àwòrán ìlà tó wà níbẹ̀, àmì bíńtín kan dúró fún irin tó ní nickel 0.75 àti molybdenum 0.25. Àpilẹ̀kọ náà kò sọ bóyá nǹkan ń jẹ irin yẹn tàbí kò jẹ ẹ́. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá iléeṣẹ́ náà láre. Ní 1985, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà: ẹni tó rí ìwà irin kan kò tíì sọ irin náà di tuntun.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Bí wọ́n bá fún yín ní páténtì yìí, ẹ lè dí àwọn ọmọ ọ̀gá yín lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí bàbá wọn ti ń ṣe kí ẹ tó débẹ̀. Òfin Nàìjíríà náà ní ohun tí aráyé bá ti rí níbikíbi, nínú ìwé, lẹ́nu tàbí nípa lílò, kì í ṣe tuntun mọ́.

Àmọ́ ṣé bí ọ̀gá yín ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ lẹ ṣì ń ṣe é? Bí ẹ bá ti fi nǹkan kún un, bóyá ẹ ń kọ́kọ́ yá àdín náà lórí iná, tàbí ẹ ń yọ àdá kó tó tutù tán, ìyẹn lè jẹ́ tiyín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì ṣe é níwájú oníbàárà títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò.