Kí o tó bọ́ orúkọ bàbá rẹ sílẹ̀

Àbúrò mi, o ní bàbá yín lu ìyá yín títí ẹ fi sá kúrò nílé, o kò fẹ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, o wá ń bèèrè bóyá ọkàn rẹ á balẹ̀ tí o bá yí i. Mo ti yí tèmi. Orúkọ bàbá ìyá mi ni mò ń jẹ́ báyìí.

Ti ìwé kò le: búra ní kóòtù, gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kó méjèèjì lọ sọ́dọ̀ NIMC kí wọ́n tún NIN rẹ ṣe, lẹ́yìn náà kó tó kan BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ ní báǹkì. Má fi báǹkì ṣáájú o! Báǹkì tèmi ló ní kí n kọ́kọ́ wá. Wọ́n yí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, wọn ò fọwọ́ kan BVN, bẹ́ẹ̀ BVN mi ti wà látìgbà tí CBN gbé e dé ní 2014, orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lórí rẹ̀, méjèèjì kò bára mu mọ́. Bí owó oṣù mi ṣe há nìyẹn. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fi bírò tọ́ orúkọ àtijọ́ náà, ó ní, "Àǹtí, ta lèyí jẹ́ sí yín?" Èrò tò lẹ́yìn mi. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ṣé mo ṣègbéyàwó ni? Mo ní rárá. Ló bá pe ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn náà tún bèèrè. Obìnrin tó bá lọ́kọ, wọ́n á yí tiẹ̀ láìwò ó lójú. Èmi tí mo sá fún ẹgba, àfi kí n ro ẹjọ́ lójú ọjà. Inú ṣì ń bí mi. Akọ̀wé báǹkì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtàn ilé yín. Na ìwé kóòtù sí i, kí o dákẹ́.

Ṣọ́ra fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì kóòtù, òǹtẹ̀ ayédèrú wà lọ́wọ́ wọn. Má sì gé ìwé ìròyìn náà, odindi rẹ̀ ni kí o tọ́jú. Ìwé WAEC mi ṣì ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ dòní, ìwé ìbúra ni mo fi ń tì í lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n báǹkì kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, àbúrò bàbá mi pè mí, ó ní ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Yàrá tó kángun sí tiwa lòun ń sùn nígbà yẹn! Ó gbọ́ ìró bẹ́líìtì, ó gbọ́ igbe ìyá mi, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ara rẹ̀ mọ́lé. Mo gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ náà ṣe yí nínú ilẹ̀kùn, èkíní, èkejì. Irú wọn ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ta ìdílé. Má dá wọn lóhùn.

Ìyá bàbá mi ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, torí òun ló máa ń kì mí láàárọ̀: Àjọkẹ́, ọmọ Òpómúléró. Mo yí orúkọ, kò dákẹ́ kíkì mi. Oríkì kò sí nínú NIN. Wọ́n sì ń ki ọmọ Yorùbá láti ìdí ìyá pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ di aláìnílé.

Pásítọ̀ kan ní àfi kí n lọ kúnlẹ̀ fún bàbá mi kí ọ̀nà mi tó là. Má gbà. Má sì dúró de ọjọ́ tí bàbá rẹ máa bẹ̀ ọ́. Tèmi kò bẹ̀ mí.

Ọkàn tó balẹ̀ tí o ń bèèrè, ìwé kò fún mi. Iṣẹ́ télọ̀ ni bàbá mi ń ṣe. Mo fẹ́ràn aṣọ rírán láti kékeré, ṣùgbọ́n torí tirẹ̀ n kì í fọwọ́ kan máṣíìnì. Ohun tó bá ti ṣe, mo kọ̀ ọ́. Òun ló ṣì ń yan nǹkan fún mi nìyẹn. Oríkì Òpómúléró gan-an, aṣọ ló kún inú rẹ̀. Ogún ìdílé ni kó tó di tirẹ̀, tèmi náà sì ni. Mo ra máṣíìnì. Nígbà tí mo rán búláòsì àkọ́kọ́ fún ìyá mi ni mo rí i pé n kò ronú kan bàbá mi láti àárọ̀.

Nítorí náà, kí o tó lọ sí kóòtù, wo ohun tó jẹ́ tìrẹ tí o ti pa tì torí rẹ̀, kí o lọ gbé e. Tí NIMC bá sì dá ọ padà, jẹ́ kí n gbọ́ ìwé tí wọ́n ní ó kù.