Kí ni "pẹnkẹlẹmẹ́sì", kí sì ni wọ́n ń fi àkùkọ rín?

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ bi mí pé: "Bàbá, mo gbọ́ àwo àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń fi àwọn olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan pariwo 'pẹnkẹlẹmẹ́sì', wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àkùkọ tún kọ, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó kù. Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

O kú ìbéèrè o. Adégòkè Adélabú ará Ìbàdàn, olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé peculiar mess. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé e bó ṣe bá ẹnu wọn mu, ó di pẹnkẹlẹmẹ́sì, ó sì di orúkọ tí wọ́n ń pe òun fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni rúgúdù tí kò lórí tí kò nídìí. Adélabú kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ́dún 1958, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ.

Ti àkùkọ ló dùn jù. Àkùkọ ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, igi ọ̀pẹ ni ti Action Group, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùdìbò kò mọ̀wé. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi l'Ọ́kẹ̀sà, n'Íléṣà, ni mo ti mọ̀. Ẹlẹ́gbẹ́ Àkùkọ ni wọ́n, bí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ìgbà náà. Bí àwo bá dé ibi tí àkùkọ ti kọ, wọ́n á gbọ́wọ́ kúrò nínú iyán, wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lu ẹ̀gbẹ́ bí ìyẹ́. Ìyàwó wọn, ọmọ ilé Ọlọ́pẹ, á pòṣé, á gbé àwo ọbẹ̀ lọ.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, àmọ́ ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúńdé lọ́dún 1964 nítorí eré wọn, Yorùbá Ronú, ó di 1966 kí Fájuyì, gómìnà ológun, tó tú wọn sílẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àkùkọ tó kọ nìkan ni ìjọba gbọ́ nínú àwo, ta ni wọ́n fẹ́ mú?

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn mọ́ mi o. Tí wọ́n bá ń fi abuké tàbí akólòlò ṣẹ̀fẹ̀, mi ò kì í rẹ́rìn-ín.

Bí o bá tún fẹ́ gbọ́ ọ, yọ ìgbọ́rọ̀ yẹn kúrò létí, kí o jókòó ti ẹni tó ti gbọ́njú nígbà náà. Ibi tó bá ti rẹ́rìn-ín ṣáájú àwọn inú àwo, dá a dúró, kí o bi í.