Ìwé Tí Òbí Fọwọ́ Sí Kò Lè Fa Ọmọ Yọ Nínú Omi

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni mò ń darí. A fẹ́ kó ọmọ 24, láti ọmọ ọdún 11 sí 15, lọ sí ìrìn àjò ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kìíní a ó gun òkè, lọ́jọ́ kejì a ó wa ọkọ̀ kayak (ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà), àwọn ọmọ á sì lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Gbogbo òbí ló ti fọwọ́ sí ìwé pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, àwọn kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Síbẹ̀ alákòóso wa lókè kò tíì fún wa láṣẹ, ìbéèrè lórí ìbéèrè ló ń bi wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Báwo la ṣe lè mú kí ó tètè fọwọ́ sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Màá dé orí ọ̀rọ̀ alákòóso yín láìpẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ ní àwọn òbí fọwọ́ sí yẹn ni ká kọ́kọ́ bọ́ sí. Láàárín oṣù yìí nìkan, lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti gbà tó ní gbólóhùn kan náà nínú. Ó ń bí mi nínú. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ béèrè ni mò ń bá bínú o. Àwọn tó ń ta ìwé náà káàkiri fún àwọn olùdarí, tí wọ́n ń sọ fún wọn pé ààbò ni, àwọn ni inú ń bí mi sí.

Kò sí ààbò kankan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òfin. Ẹ̀tọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀tọ́ òbí. Òbí lè sọ pé òun kò ní pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ tí ọmọ ní láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é léṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà láti ọdún 1977 tó sọ pé iléeṣẹ́ kò lè fi àdéhùn tàbí pátákó ìkìlọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi ikú tàbí ìpalára tí àìkíyèsára rẹ̀ bá fà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì: ilé ẹjọ́ kan á gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, òmíràn á jù ú nù. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ìlú yín sì ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ẹ bi agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé n kò ní fi orí mi sinmi lé irú ìwé yẹn láéláé. Bí ọmọ bá sì kú, tí ọlọ́pàá bá dé, òbí kọ́ ló ń pinnu bóyá wọn á fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan olùdarí. Ìjọba ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pa òfin tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó dùn mí jù ni ohun tí ìwé náà ń ṣe sí ọkàn olùdarí. Ó ń fi í lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà kan, mo dé etí odò bá ẹgbẹ́ kan tó ń múra láti wọ inú omi. Fáìlì kún ọwọ́ wọn, ìwé gbogbo òbí pé. Mo bi àwọn ọmọ pé ta ló ní ikọ́ fée nínú wọn. Ọmọ mẹ́ta nawọ́ sókè. Ọ̀kan nínú wọn ti gbàgbé oògùn tó máa ń fà símú sílé. Kò sí ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí nínú fáìlì náà, nítorí pé ìwé tí wọ́n fún àwọn òbí kò béèrè rẹ̀. Ẹjọ́ nìkan ló mẹ́nu bà.

Iṣẹ́ ìwé ìyọ̀ǹda gan-an ni pé kí ó sọ fún òbí ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ ṣe, kí ó sì sọ fún ẹ̀yin irú ọmọ tí ẹ ń kó lọ. Ẹ kọ ọ́ gbangba: odò wo, ọkọ̀ wo, wákàtí mélòó, ta ló ń darí, kí ni ewu tó wà níbẹ̀. Òbí tó fọwọ́ sí “ìrìn àjò ìgbádùn” kò tíì gbà pé kí ọmọ òun wa ọkọ̀ lórí omi, nítorí ẹ kò sọ fún un. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè nípa ikọ́ fée, wárápá, oúnjẹ tàbí oògùn tí ara ọmọ kò gbà, oògùn tó ń lò lójoojúmọ́, nọ́ńbà ẹni méjì tí ẹ lè pè lóru. Ẹ má béèrè pé “Ṣé ọmọ yín mọ odò wẹ̀?” Gbogbo òbí ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè ibi tó ti wẹ̀ ẹ́ rí, bí ó ṣe jìn tó, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dán gbogbo wọn wò níbi tí omi kò ti jìn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lyme Bay, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù kẹta ọdún 1993. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wa ọkọ̀ kayak lójú òkun pẹ̀lú olùkọ́ wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣètò rẹ̀. Omi gbé wọn lọ, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú. Kí ó tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, wọ́n kìlọ̀ fún un pé ètò ààbò ibẹ̀ kò dára. Ilé ẹjọ́ dá iléeṣẹ́ náà àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bi lọ́dún 1994, ọ̀gá náà sì lọ sẹ́wọ̀n. Lọ́dún 1995 ni wọ́n wá ṣe òfin pé ẹni tó bá ń gbowó kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sí irú eré ìdárayá eléwu bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùdarí kò mọ̀ ni pé òfin 1995 yẹn kò ní kí ẹgbẹ́ afínnúfíndọ̀ tó ń ṣe é fún ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gba ìwé àṣẹ náà. Ìjọba kò ní yọjú wá yẹ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó gbéra. Ta ló wá kù tó máa yẹ̀ wọ́n wò? Irú ẹni tí alákòóso yín jẹ́ ni. Ìbéèrè tó ń bi yín kì í ṣe ìyọlẹ́nu rárá. Òun nìkan ni ojú kejì tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní.

Ẹ kò ní “mú un” kí ó fọwọ́ sí i, nígbà náà. Ẹ dá a lóhùn. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń darí ìkọ̀ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta tí ẹ fẹ́ ṣe, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó mọ òkè gùn lè má mọ nǹkan kan nípa odò. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ bí ẹja lè má mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọmọ lábẹ́ kayak tó dojú dé. Ẹ̀rí ẹ̀kọ́ wọn dà? Ó tún fẹ́ mọ ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nílé, tó ní orúkọ gbogbo ọmọ lọ́wọ́, tó sì mọ aago tó gbọ́dọ̀ ké gbàjarè bí kò bá gbúròó yín. Ẹ bá àwọn adójútòfò (inṣọ́ránsì) náà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lọ láìgbàṣẹ ẹgbẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀ láti san kọ́bọ̀.

Àgbéyẹ̀wò ewu tó ń béèrè, ẹ má lọ da èyí tí ẹlòmíràn kọ kọ. Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ kọ ohun tó máa mú kí ẹ padà sẹ́yìn, àti orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ gé nígbà tó bá ní “Ó tó, ẹ jẹ́ ká padà.” Àwọn ọmọ ti san owó, wọ́n ti ń kọrin nínú ọkọ̀, ojú ń ti olùdarí láti sọ pé kò ṣeé ṣe mọ́. Mo mọ ojú yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti pinnu rẹ̀ láti ilé.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Ní New Zealand lóṣù kẹrin ọdún 2008, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà àti olùkọ́ wọn kú nígbà tí omi kún lójijì nínú àfonífojì odò Mangatepopo. Wọ́n ti kìlọ̀ òjò ńlá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ olùdarí tó kó wọn wọ àfonífojì náà bó ṣe yẹ. Òjò tó rọ̀ lókè réré lè kún odò tó wà níwájú yín nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn lórí yín. Bí àwọ̀ omi bá yí padà, tí igi àti ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá, kí gbogbo ọmọ jáde kíá. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò lórí òkè àti lórí omi, kí ìṣẹ́jú 30 sì kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó padà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo máa ń tún sọ títí ọ̀fun mi á fi gbẹ: ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo. Ẹ̀mí ló ń wá, kò rí èyí tó máa fi kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ omi sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò lè jù ú sókè láti fi pè yín. Ẹnu rẹ̀ á yọ, á rì, á tún yọ. Ó dúró gangan bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó ti lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí á ní ó ń ṣeré ni. Nítorí náà, ẹ yan ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wo omi lọ. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù, kò gbọdọ̀ ya fọ́tò, kò gbọdọ̀ máa pín oúnjẹ. Ẹ pín àwọn ọmọ ní méjì méjì, kí ìkíní mọ ibi tí ìkejì wà, kí ẹ sì máa kà wọ́n lóòrèkóòrè. Gbogbo ẹni tó bá wọ kayak gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, tó bá ara rẹ̀ mu, tí wọ́n sì dì pa. Bí ọmọ bá ń rì, ẹ na igi sí i, tàbí kí ẹ ju okùn tàbí ohun tó léfòó sí i. Ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn là kò gbọdọ̀ bẹ́ sómi, kí òkú má baà di méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó fún ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ ṣe yìí. Bí ẹ bá ní ẹni tó mọ òkè náà dunjú, tí alákòóso sì gbà, ẹ lọ gun òkè lọ́jọ́ tí ẹ dá, kí ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ padà wálé lọ́jọ́ kejì. Ẹ sún ti odò síwájú títí ẹ ó fi rí olùdarí tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ á fajú ro díẹ̀. Ẹ pe alákòóso yín lónìí, ẹ sọ ohun tí ẹ ti yí padà fún un, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá yín lọ wo etí odò náà kí ẹ tó dá ọjọ́ mìíràn.