Aldebaran: ta ló ń tọ̀ lẹ́yìn, kí ló sì sọ ọ́ di òmìrán?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí rèé: "Mo kà pé ìtumọ̀ Aldebaran ni ẹni tó ń tọ̀ lẹ́yìn. Mo tún kà pé òmìrán ìràwọ̀ ni. Ta ló ń tọ̀ lẹ́yìn? Ṣé òmìrán yẹn sì túmọ̀ sí pé ó wúwo ju oòrùn wa lọ fíìfíì?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ojú ló sọ ọ́ ní orúkọ àkọ́kọ́, ìṣirò ló fún un ní èkejì, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣọ́ra, orúkọ méjèèjì lè ṣì wá lọ́nà.

Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá. Al-Dabarān ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni tó ń tọ nǹkan lẹ́yìn. Ohun tó ń tọ̀ lẹ́yìn ni ìṣù àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan tó ń jẹ́ Pleiades, al-Thurayyā lédè tiwọn. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn lálẹ́ ní àwọn oṣù ìparí ọdún, ìṣù yẹn ni yóò kọ́kọ́ yọ, yóò dà bí ìgbà tí èèyàn mí èémí sára dígí. Nígbà tí yóò bá fi tó bí wákàtí kan, ìràwọ̀ kan ṣoṣo tó pọ́n bí ògúnná yóò yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìṣù yẹn ṣe ń lọ lójú ọ̀run ni ògúnná yìí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lóru mẹ́ta léraléra kò ní béèrè ìdí orúkọ mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù, Aldebaran náà kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Pleiades. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sá bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń lo nǹkan bí ọdún 65 kó tó ti ọ̀dọ̀ Aldebaran dé ojú wa. Láti ọ̀dọ̀ Pleiades, ó ń lo bí ọdún 440. Kódà àwọn ìràwọ̀ Hyades tó dà bíi pé wọ́n yí i ká, tí òun sì dà bí ojú fún àwòrán akọ màlúù tí wọ́n jọ yà, jìnnà ju òun lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ó kàn bọ́ sí àárín àwa àti wọn ni.

Kò tiẹ̀ dúró sójú kan. Ní 1718, Edmond Halley, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ibi tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ kọ sílẹ̀ pé ó wà wé ibi tí òun fúnra rẹ̀ bá a, ó sì rí i pé Aldebaran àti ìràwọ̀ méjì mìíràn, Sirius àti Arcturus, ti ṣípò.

Ó wá ku òmìrán, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti wù mí jù. Bí a bá ní òmìrán lédè wa, ẹni tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kò ro ìwúwo rárá. Fífẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ní 1905, Ejnar Hertzsprung, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ṣàkíyèsí pé ọ̀nà méjì ni àwọn ìràwọ̀ pupa pín sí: àwọn kan ń tàn gan-an, àwọn yòókù ṣe bàìbàì. Àwọ̀ ìràwọ̀ ló ń sọ bó ṣe gbóná tó. Bí méjì bá pọ́n bákan náà, ìgbóná wọn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wá ń tàn ju èkejì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ló fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Látinú àkíyèsí yẹn ni ọ̀rọ̀ òmìrán àti aràrá ti wọ inú ìmọ̀ ìràwọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Aldebaran dán an wò. Ìgbóná ojú ara rẹ̀ tó bí 3,600 dígírì Celsius, ti oòrùn tó bí 5,500. Bí a bá gé abala kan lára rẹ̀, tí a sì gé irú rẹ̀ lára oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ti Aldebaran kò ní ju ìdá kan nínú márùn-ún ti oòrùn lọ. Síbẹ̀, lápapọ̀ ó ń tàn ju oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400. Ibo ló ti rí i? Ìbú rẹ̀ tó bí ìlọ́po 45 ìbú oòrùn, ojú ara rẹ̀ wá fẹ̀ tó bí ìlọ́po 2,000. Ẹ pín 2,000 sí ọ̀nà márùn-ún.

Ẹ na ọwọ́ kan síwájú. Ìdajì fífẹ̀ ọmọńdinrín yín ti tó láti bo òṣùpá, oòrùn kò sì ju òṣùpá lọ lójú wa. Ẹ wá la ìka márààrún. Bí Aldebaran bá jókòó sí ipò oòrùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín ni yóò gbà lójú ọ̀run.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti oòrùn lọ ni. Oòrùn bí 90,000 ló lè wọ inú rẹ̀, àmọ́ ti oòrùn kan àti díẹ̀ ni wọ́n tú ká sínú gbogbo àyè yẹn. Bí a bá pín in káàkiri dọ́gba, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yóò ki jù ú lọ ní ohun tó ju ìlọ́po 50. Nítorí náà, rárá o, òmìrán yìí kì í ṣe ti ìwúwo.

Kò rí báyìí látìbẹ̀rẹ̀. Háídírójìn ni ìràwọ̀ ń sun ní àárín gbùngbùn rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di hílíọ̀mù. Nígbà tí háídírójìn ibẹ̀ tán, àárín náà sún kì títí ó fi ki ju irin lọ ní àìmọye ìlọ́po. Iná wá bọ́ sí ìpele tó yí i ká, ó ń jó kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru yẹn ló ti ara òde jáde tó fi wú. Bí ó ti ń wú ni ojú rẹ̀ ń tutù, ìdí tó fi pọ́n nìyẹn. Wíwú ọjọ́ ogbó ni, oòrùn wa náà yóò wú bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 5 sí i.

Ẹ lè béèrè bí wọ́n ṣe wọn ohun tó jìnnà tó báyìí. Òṣùpá wà lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan òṣùpá máa ń kọjá níwájú Aldebaran. Lójú lásán, ńṣe ló máa ń kú pii, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó yára rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣú, láàárín bí ìdá 4 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí ni pé etí òṣùpá ní láti rìn láti ìhà kan ìràwọ̀ náà dé ìhà kejì. Àkókò yẹn àti jíjìnnà rẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò ìbú rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń wá ẹni tó ń tọ ẹnì kan lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, Pioneer 10 wà níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú tí Amẹ́ríkà rán jáde ní 1972. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, kò sì fọhùn mọ́ láti 2003, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ, apá ibi tí Aldebaran wà ló sì forí lé. Yóò gbà á ju mílíọ̀nù ọdún 2 lọ.